Akẹtẹ̀ Mervyn

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ bá Lindsay Quade pàdé, láàárín itẹ́ òkú ìlú wa, kò dé nǹkan kan sórí. Oòrùn Queensland, ìpínlẹ̀ wa, mú débi pé àwọn ẹyẹ ti sá wọ ibòji. Òun ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó ti fi akẹtẹ̀ rẹ̀ kọ́ sórí òpó ẹnu géètì.

Òdòdó ni mo mú lọ fún Mervyn ọkọ mi, tí a sin lọ́dún tó ṣáájú. Mo bi ọkùnrin náà bóyá oòrùn kì í pa á.

"Bàbá mi ló ń tọ́jú ibí kó tó kàn mí, bàbá tiẹ̀ sì ṣáájú ẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń dé fìlà níwájú òkú nínú wa. Ìwọ̀sí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ilé-ìwé àwọn sísítà ni mo lọ. Wọ́n kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ti sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé tíì lọ síbẹ̀. A ó jókòó lábẹ́ igi gọ́ọ̀mù tó ṣíji bo Mervyn, Lindsay a sì máa ròyìn àwọn tó sùn yí wa ká bí ẹni ń ròyìn aládùúgbò. Lọ́jọ́ kan ó ní àwọn èèyàn òun kì í dá òun lóhùn, èmi nìkan ni mo ń dá òun lóhùn, ó sì ti ń mọ́ òun lára jù. Ọkàn mi, tí mo rò pé a ti sin mọ́ Mervyn, mì díẹ̀.

Jẹjẹrẹ awọ ara ló pa Mervyn. Iṣẹ́ ṣíṣe ọgbà yí oko àgùntàn ká ló ń ṣe, kì í sì í wọ ẹ̀wù sí iṣẹ́. Àmì dúdú kan yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Mo fi dígí hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i." Nígbà tí yóò fi gbà láti rí dókítà, àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Akẹtẹ̀ rẹ̀, tí kì í dé àfi tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi. N kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọ̀sán kan, mo dé itẹ́ òkú, mo bá akẹtẹ̀ náà lórí òkúta sàréè Mervyn.

Lindsay kò dé ilé mi rí. Kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín. Mo gbé e padà sílé, mo tilẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún wà níbẹ̀. Mo kiwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òógùn sì wà létí rẹ̀, bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò lórí èèyàn. Bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í dé abẹ́ igi yẹn.

Mo sọ fún Noreen, ẹ̀gbọ́n Mervyn obìnrin. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé o ò gbọ́ èdè ni? Àbúrò mi ń sọ fún ẹ pé ipò òun ò tíì ṣófo. Ta ló ń fẹ́ ọkùnrin lórí sàréè ọkọ ẹ̀? Àwọn ará ìlú ní ṣe lo kàn lọ ń yan ilẹ̀ tó dáa fún ẹnì kejì."

Ẹ̀rù bà mí. N kò lọ mọ́. Ilé náà dákẹ́, tíì kò sì dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tó pẹ́ tí Lindsay kò rí mi, ó wá. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àlejò.

"Thelma mi, bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, sọ ọ́. Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe aya ni."

Mo ròyìn akẹtẹ̀ náà fún un, mo sì ní n kò lè gba ohun tí òkú kò tíì yọ̀ǹda. Kò jiyàn. Ó ṣí akẹtẹ̀ tirẹ̀, ó tẹrí ba láti dágbére.

Lindsay ga púpọ̀; n kò rí àtàrí rẹ̀ rí. Níbẹ̀, láàárín irun rẹ̀ tó ti fọ́nká, ni mo ti rí i: ó dúdú, etí rẹ̀ rí jákujàku, apá kan pọ́n. Èyí tó wà lẹ́yìn Mervyn gan-an ni.

"Kí ló wà lórí ẹ yẹn?"

Ó fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn? Eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i."

Nǹkan já bọ́ nílé ìdáná. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Kí n tó débẹ̀, akẹtẹ̀ Mervyn ti ń yí bọ̀, ó yí títí ó fi dúró lẹ́sẹ̀ mi.

Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Mervyn kò ṣọ́ ipò kankan. Kò bínú sí wa rárá.

Mo gbé e dé Lindsay lórí. Orí Mervyn tóbi ju orí ẹnikẹ́ni nílùú wa lọ, ṣùgbọ́n akẹtẹ̀ náà bá Lindsay mu pẹ́kípẹ́kí.

"Ọ̀la la ń lọ rí dókítà," mo ní. "O ò sì gbọdọ̀ ṣí èyí ní itẹ́ òkú mọ́."

"Níwájú àwọn òkú, Thelma?"

"Òkú ló ní kí o dé e."

Wọ́n gé e jáde, ó jìn, wọ́n sì fi awọ itan rẹ̀ lẹ ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn ìdúró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, dókítà ní kò tíì ràn wọnú. Ká ní ó dúró dìgbà òtútù ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Noreen wá kí wa lọ́sibítù. Ó bá akẹtẹ̀ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kiwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Ooru orí àbúrò mi nìyí," ó ní. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín."

A ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wa. Ní báyìí, kùtùkùtù àárọ̀ ni Lindsay ń gbẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn. Èmi ni mo ń fi ìpara adènà-oòrùn pa á létí àti lọ́rùn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń yẹ ara wa wò, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn etí, àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ń sọ "mo fẹ́ràn rẹ". Àwa ń sọ pé, "Yíjú sí ìmọ́lẹ̀, jẹ́ kí n rí ẹ."

Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé, á lọ láìdé nǹkan. Mo máa ń rí akẹtẹ̀ náà lórí ìṣó, n ó sì yára wọ bàtà kí n lè sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bá fi máa gbójú sókè, ìṣó náà ti ṣófo. Bí mo bá dé itẹ́ òkú, ó ti wà lórí Lindsay.

"Ṣebí ìwọ lo dé e fún mi kí n tó jáde," á ní.

Mo kàn máa ń yíjú sí abẹ́ igi gọ́ọ̀mù, n ó sì rọra sọ pé, "O ṣé, Mervyn."