Jákẹ́ẹ̀tì Tó Tú Àṣírí Omi

"Àbúrò mi, ṣáà lọ sè é!" Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ń pariwo sínú fóònù. "Omi tó bá ti hó, kẹ́míkà wo ló fẹ́ yè níbẹ̀?"

Irọ́ gbuu. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ omi mọ̀ pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ gan-an, tó lóyún oṣù mẹ́fà, ni ọ̀gá ń pa á fún lórí fóònù. Kẹ́míkà tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ dà sódò tí wọ́n ti ń fa omi, iná kì í pa á. Téèyàn bá ń sè é, omi ló ń gbẹ, kẹ́míkà á wá ki sí i nínú ìyókù. Èédú inú táǹkì ńlá ẹ̀yìnkùlé ilé-iṣẹ́ omi ló ń gbá a mú, èédú náà sì ti yó láti èṣí, kò gba kẹ́míkà mọ́. Ó yó bí ọ̀gá, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì.

Ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ èédú. Ọ̀gá ní òun ti tọ́ omi wò, ó dùn. Ẹ gbọ́ ná, ahọ́n rẹ̀ ti di ẹ̀rọ!

Ó pe ọmọ náà. "Àwọn aláyẹ̀wò fẹ́ gba omi lọ́la. Lọ ra omi ìgò ní ṣọ́ọ̀bù, kí o rọ ọ́ sínú ìgò wọn."

"Ọ̀gá, màmá mi ń mu omi wa o."

"Èmi náà ń mu ún, ṣé mo ti kú?" Ó fa jákẹ́ẹ̀tì òjò tuntun yọ, ó ń dán bí iwájú orí rẹ̀. "Tìẹ nìyí. Ṣebí èmi náà ni n ó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí rẹ fún iléèwé."

Ojú ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì, kò jáde mọ́. Oòrùn ń ta ṣáṣá, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ òjò gba omi àyẹ̀wò. Ó ti kà á lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀gá ní tiẹ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ́ sórí ìkéde náà. Ọmọ náà rọ omi ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ jákẹ́ẹ̀tì ń nu ẹnu ìgò.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin aláyẹ̀wò dé. "Kẹ́míkà odò kò sí nínú omi yìí rárá," ó ní, "àmọ́ irú èyí tí wọ́n fi ń mú kí aṣọ òjò lé omi dànù kún inú rẹ̀." Ó wo ọmọ tó ń làágùn nínú jákẹ́ẹ̀tì. "Omi ibo nìyí?"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀!" Ọ̀gá fò sókè. "Omi ṣọ́ọ̀bù tó wọ́n tó yẹn!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló pa á. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí ọmọ náà tẹ̀ lé e, lẹ́tà iléèwé sì bá ẹsẹ̀ wọn jáde.

Ọmọ náà sáré délé. Ìyá rẹ̀ ti se omi títí ó fi ku ife kan, ó ń fẹ́ ẹ kó tutù, kó lè mu ún. Ọmọ náà gbà á, ó dà á nù.

"Kí ló dé?"

"Màmá, sísè ń jẹ́ kó burú sí i ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ìyá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. "O mọ̀. O wá wọ jákẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ti àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ rìn tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó mọ òótọ́ tó gba ẹ̀bùn kó lè dákẹ́, kò sàn ju ẹni tó parọ́ lọ. Òun ló tiẹ̀ burú jù, torí òmùgọ̀ tí kò mọ nǹkan lèkejì.