Màmá Ń Kọ̀wé Lọ́wọ́

"Rọra sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà obìnrin wí fún un lórí fóònù. "Màmá ń kọ̀wé sí mi lọ́wọ́."

Ọ̀sán gangan ni. Ẹnjiníà wà lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ń bẹ níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí rẹ̀, síbẹ̀ òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Wọ́n ti sin ín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbé pósí.

"Àǹtí mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan. Àmì yẹn ni mò ń wò. Ó ń wá, ó ń dúró. Jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọn." Ó pa fóònù.

Ẹnjiníà ni gbogbo ẹbí ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò lè tún fáànù ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe ìkànnì orí ayélujára, irú èyí tí tẹbí-tọ̀rẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó sì mọ̀ jù níbẹ̀ ni ìwà ẹni tó di fóònù mú: ibi tí ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bà lé, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ á dé láìronú, ìgbà tí nǹkan á sú u tí á fẹ́ jáde. Lójú tirẹ̀, ìkànnì kò yàtọ̀ sí yàrá àlejò. Bí èèyàn bá to àga rẹ̀ dáadáa, àlejò kò ní rántí ilé mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tètè jáde. Ó rò ó títí, ó wá rántí pé kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn, tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, tí á yí padà. Lórí ìkànnì wọn, bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé sí ọ, àmì róbótó mẹ́ta á máa jó lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ṣe é kí àmì náà máa jó fún ẹni tó bá ti fẹ́ jáde, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń kọ ohunkóhun. Irọ́ kékeré ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí ìkànnì, ọ̀gá gbóríyìn fún un, wọ́n gé kéèkì ní ọ́fíìsì.

Kò rántí pé orúkọ àwọn òkú ṣì wà nínú fóònù àwọn alààyè.

Nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọkọ ẹ̀gbọ́n náà ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ mọ́," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti gbàgbé ọmọ sílé ìwé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló mú un wálé, ọmọ ti sunkún débi pé ohùn rẹ̀ há. Ẹnjiníà, bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n màá kó o lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí àga Màmá, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó ti rù kan eegun. Fóònù Màmá wà lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Bátìrì rẹ̀ ti wú, wọ́n ti jù ú nù.

Ẹnjiníà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Àǹtí mi, èmi ni. Kì í ṣe Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́. Bí Màmá ṣe ń dúró ló ń dúró."

Òótọ́ ni pé ìka kan ṣoṣo ni Màmá fi ń tẹ̀wé. Á wá lẹ́tà kan títí, á bọ́ awò ojú, á nù ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi gbogbo ọ̀sán kọ "Ṣé o ti jẹun?" Àwọn ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ Màmá tó dé, ebi á ti pa ẹni tó ń bi léèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò," ni Ẹnjiníà wí. "Bí àmì náà ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo fóònù, ó wo àwòrán ọmọ rẹ̀ lára ògiri. "Bí kò bá wá mọ́, màá ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Nígbà tí Ẹnjiníà padà sídìí kọ̀ǹpútà tó ṣí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àmì tó ṣe kì í dúró. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí bó bá dúró, ẹni tó ń wò ó á bá tirẹ̀ lọ. *Ó ń wá, ó ń dúró.* Ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù oríṣiríṣi, kò sí àmì kankan mọ́.

Ó padà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ nínú aṣọ ilé ìwé. Wọ́n ṣí ojú ìwé Màmá lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́kún, irú ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Àfi bí àmì náà ṣe yọ.

Ó jó díẹ̀, ó dúró. Ó tún jó. Ó tún dúró, ó pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn lè fi nu awò ojú. Orí Ẹnjiníà wú. Ó wo fóònù tí kò ní bátìrì lórí tábìlì. Fóònù náà kò tàn.

"Ẹnjiníà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, "ṣé ìwọ náà lo ṣe èyí?"

Ọkọ ń wò ó. Ọmọ ń wò ó.

"Èmi ni," ni ó wí. "Ó ku díẹ̀ tí mi ò tíì yọ. Ẹ gbé e wá."

Ó gba fóònù náà, ó pa orúkọ Màmá rẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó bèèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde sínú oòrùn.

Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ohun tó ṣe, ó fi ìbínú wá bá a nídìí tábìlì. "Ta ló ní kó o yọ ọ́? Àwọn èèyàn ti ń sá lọ! Ẹnjiníà, èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Ẹnjiníà kò gbójú sókè. Fóònù tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀, orúkọ Màmá wà lókè, àmì náà ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ó wí. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀."