Àròpọ̀ ní Ilé Èémí

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ikọ́ náà kọ́kọ́ dé, Adélabí ń jẹ iṣu sísun, ìyàwó rẹ̀ Fadérera sì ń gbìyànjú láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Epo kán sí ẹ̀wù tuntun tí obìnrin náà ń rán fún un.

"Ẹnu yín ń jò," ni Fadérera wí.

"Ẹnu tó ń jò ni o gbà láti fẹ́," ni ọkọ rẹ̀ fèsì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló di ikọ́. Àwọn méjèèjì rò pé epo ló há a lọ́fun. Fadérera bu omi fún un, ó gbá a lẹ́yìn, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ayé ènìyàn yóò yí padà kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Orí òṣùpá ni wọ́n ń gbé, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àpáta-Funfun. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn ti fi Ayé sílẹ̀, tí wọ́n gbé èdè wọn dání bí ẹni tó bu iná lọ sí ilé tuntun. Nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ níta, wọ́n da òrùlé dígí ńlá kan bo gbogbo ìlú náà, Ọmọrí sì ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó bò wọ́n bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Iṣẹ́ ìlú náà ni wíwa irin nínú ilẹ̀, awakùsà sì ni Adélabí. Eruku ilẹ̀ òṣùpá dà bí dígí tí a lọ̀ kúnná. Ó ń bá ẹ̀wù awakùsà wọlé, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Àwọn dókítà ní orúkọ gígùn fún àìsàn náà. Àlejò-àyà ni àwọn ará ìlú ń pè é.

Ẹni tí àlejò-àyà bá wọ̀ sí lára, Ilé Èémí ló ń gbà á. Màmá Tanímọlà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ilé náà sílẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn kankan rí. Ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan ni igbá-èémí wà, ẹ̀rọ roboto kan tí ń bá aláìsàn mí. Yóò fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, yóò sẹ́ eruku kúrò, yóò sì dá a padà ní mímọ́. Ohun tí ó fi ń sẹ́ ẹ ni asẹ́ kan tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n ń kó wá láti Ayé. Ọdún tí Adélabí wọ Ilé Èémí ni àwọn tó ń ṣe asẹ́ náà ní Ayé kógbá wọlé. Èyí tó kù nínú àpótí kò lè tó ọdún kan lò. Bí asẹ́ bá tán, èémí tán.

Màmá Tanímọlà ránṣẹ́ pe àwọn oníṣòwò ìlú wá sí Ilé Èémí.

"Kì í ṣe owó yín ni mo fẹ́," ló wí fún wọn nígbà tí wọ́n jókòó tán. "Orí yín ni."

"Orí wa kẹ̀?" Alhaja Sínótù, tí ó ni ilé ìdáná tó ń bọ́ ìdajì ìlú, yára di gèlè rẹ̀ mú. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi sè?"

"Ohunkóhun tó bá ti lè jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún wà níbẹ̀, ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń pín omi káàkiri abẹ́ Ọmọrí. Fadérera wà níbẹ̀, nítorí pé òun ló ń rán ẹ̀wù òfuurufú fún gbogbo awakùsà, àti nítorí pé ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ògiri. Olóyè Láyíwọlá, tí ó ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú, ló dàgbà jù láàárín wọn. Ẹni tí ó kẹ́yìn wọlé ni Dókítà Ìbíkúnlé, onímọ̀ ẹ̀rọ, ó sì gbé ohun dúdú kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

Àròpọ̀ ni wọ́n ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní Àpáta-Funfun. Ìrònú ẹnì kan ni wọn yóò rò pọ̀ mọ́ ti ẹnì kejì títí yóò fi di odidi. Èèwọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí pé "kò lè ṣeé ṣe". Ẹni tó bá wí i yóò dìde kọrin. Ohun dúdú tí Dókítà gbé wá ni Ìkòkò-Ìmọ̀ràn. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ èdè. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ, yóò máa ka iye ènìyàn tí ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wà lọ́kàn wọn. Bí ẹnì kan bá sì gbẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, yóò ka onítọ̀hún náà mọ́ ọn, nítorí Dókítà kò fẹ́ kí ohùn àwọn aláìsàn tí kò lè dìde sọnù. Níkẹyìn, yóò kéde ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́.

Olóyè fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí Ìkòkò náà. "Dókítà, nǹkan rẹ yìí, ṣé ó mọ àgbà?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà. Ibi tó ti dára nìyẹn. Lójú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa."

"Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyẹn."

"Ilé wo ni ìkòkò ní, Olóyè?" ni Alhaja wí. "Ìdí ààrò ni wọ́n bí i sí."

Olóyè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni bọ́ fìlà sórí tábìlì. "Bó bá jẹ́ tèmi ni, kí á kó wọn padà sí Ayé. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọkọ̀ mi á gbé wọn."

Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù sọ tiwọn. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kàn gba iwájú àgbà kọjá láìkí i. "Ohun tí wọ́n sọ dára," ni Túbọ̀sún wí, "àmọ́ kí ló dé tí a kò lè máa fọ àwọn asẹ́ tó ti gbó?" Alhaja ní, "Wọ́n ti là wá lójú. Wọ́n ní Ayé, ó dára. Ṣùgbọ́n aṣọ tútù ńkọ́, ká máa ta á sẹ́nu igbá?" Fadérera náà ní, "Mi ò ta ko ohun tí wọ́n ń rò o, sà. Mo kàn ní aṣọ kan tí mo fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí i, tí wọ́n ń kọjá. Nígbà tó yá, iná funfun yí ọrùn Ìkòkò ká.

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ kí a kó àwọn aláìsàn padà sí Ayé."

Fadérera wo Túbọ̀sún. Túbọ̀sún wo Alhaja. Alhaja wo ilẹ̀. Kálukú rò pé òun nìkan ni kò fẹ́ ẹ. Ta ni yóò bá ọ̀pọ̀ jà? Ó ya Olóyè alára lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé gbogbo wọn rí ohun tí òun rí.

Fadérera lọ bá Adélabí ní ibùsùn.

"Ọ̀pọ̀ ló ní kí n lọ?" ni Adélabí béèrè.

"Ọ̀pọ̀ ni."

"Kí n lọ nìyẹn. Ta ni mí tí màá gbọ́n ju ọ̀pọ̀ lọ?" Ó sinmi díẹ̀ kí igbá-èémí lè bá a mí. "Wọ́n ní òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀. Omi lásán, láti òkè. Màá wò ó fún ọ."

Ẹni tí a bí sórí òṣùpá kò mọ ìwúwo. Ohun tí ọmọdé gbé lókè níbẹ̀, àgbàlagbà mẹ́ta kò lè gbé e ní Ayé. Dókítà mọ èyí, ó sì ṣe ìgbàyà líle kan tí yóò gba ìwúwo náà mọ́ra fún àwọn aláìsàn. Àwọn márùn-ún tí ara wọn le jù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, Adélabí sì wà lára wọn. Bí ọkọ̀ ṣe ń wọ Ayé, Ayé gorí àyà wọn jókòó, ìgbàyà kò sì tó. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Nígbà tí Màmá Tanímọlà tún pe àròpọ̀, kò ránṣẹ́ sí Fadérera, nítorí ojú ń tì í. Fadérera fúnra rẹ̀ ló wá, nínú aṣọ dúdú.

"Àwọn tó kù ṣì ń mí," ló wí, ó sì fa àga.

Wọ́n yíjú sí Olóyè Láyíwọlá. Ọkùnrin náà ti rù. "Ẹ jẹ́ ká dúró ná," ló wí, kò sì fi ohunkóhun kún un. Àwọn yòókù tún bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ká dúró." "Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀." "Bí wọ́n bá ní ká dúró, wọ́n ní ìdí." Kò pẹ́ tí iná fi yí ọrùn Ìkòkò ká.

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ kí a dúró."

"Ọ̀pọ̀ mélòó?" ni Fadérera bi í.

Ẹnikẹ́ni kò bi Ìkòkò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ènìyàn mẹ́tàlá."

Àwọn mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Alhaja rẹ́rìn-ín. "Ṣé iwin ti bá wa wọlé ni?" Kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín.

"Dárúkọ wọn," ni Fadérera wí.

"Olóyè Láyíwọlá," ni Ìkòkò dáhùn. "Wọ́n. Wọ́n. Wọ́n. Wọ́n. Wọ́n."

Dókítà Ìbíkúnlé na ọwọ́, ó pa á lẹ́nu mọ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí. "Mo kọ́ ọ pé *ó* jẹ́ ẹnì kan, *wọ́n* jẹ́ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé gírámà. Mi ò rántí kọ́ ọ pé àgbà kan ṣoṣo náà, *wọ́n* ni. Gbogbo ìgbà tí a bá wí *wọ́n*, ẹlòmíràn ló kà á sí."

Olóyè dìde dúró. "Ìjókòó ti àkọ́kọ́. Bi í."

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká fi—"

"Mo ní kí o bi í!"

Dókítà bi í. Ìkòkò kò mọ ohun tí ọ̀fọ̀ jẹ́, nítorí náà ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Lórí kíkó wọn lọ sí Ayé: Olóyè Láyíwọlá. Wọ́n, ní ìgbà mọ́kànlá. Kò sí ẹlòmíràn."

"Èmi nìkan," ni Olóyè wí. "Mo rò pé gbogbo yín ni."

"Àwa náà rò pé gbogbo wa ni, sà," ni Túbọ̀sún dáhùn.

Olóyè ṣí fìlà rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Fadérera, tí kò tó àkọ́bí rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Yàrá dà rú. Màmá kígbe, "Ẹ dìde, sà!" Túbọ̀sún ń fà á lápá, "Ẹ dákun, sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ yín!" Kò dìde. Fadérera wò ó. Kò wí pé òun dárí jì í, kò sì wí pé òun kò dárí jì í.

"Dìde," ló wí.

Kò ní "ẹ". Láti ọjọ́ tí ìyá Olóyè ti kú, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ báyẹn mọ́. Ó dìde.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Nínú yàrá yìí, láti òní lọ, *ó* ni mí."

"Á à! Ẹnu mi kò lè gbé e," ni Alhaja wí.

"Kó kọ́ bí yóò ṣe gbé e."

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò bá dàgbà nínú irú ilé tí wọ́n ti dàgbà kò ní mọ bó ṣe ṣòro tó. Túbọ̀sún là á mọ́lẹ̀ bí ẹni gun òkè. "Olóyè ní… ó ní… ó ní ká dúró. Mi ò fara mọ́ ọn." Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Olóyè sì mi orí, ó ní, "Sọ̀rọ̀ lọ." Bí ọ̀rọ̀ ṣe já nìyẹn. Alhaja ní aṣọ nìkan kọ́ ló ń sẹ́ ògì, omi ló ń gbé e. Ká jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú omi kọjá, kí eruku rì bí ògì ṣe ń rì. Túbọ̀sún ní omi òun á máa yí po nínú igbá, kì í ṣe pé yóò dúró sójú kan. Fadérera ní aṣọ tí òun fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù ń gba afẹ́fẹ́, kì í gba omi.

"Afẹ́fẹ́ tó bá rin á tún kó ikọ́ wá," ni Dókítà wí. "Kò lè ṣeé…" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Orin!" ni Alhaja pariwo.

Dókítà kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì dùn rárá. Láti ẹ̀yìn ògiri, wọ́n gbọ́ tí àwọn aláìsàn ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ń wúkọ́. Kó tó jókòó padà, Olóyè ti rántí páìpù tútù tó wà nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀, èyí tí ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ kó tó kan èrò ọkọ̀. Ìrònú kan gun òmíràn lẹ́yìn títí kò fi sí ẹni tó lè wí pé tòun ni. Títí di òní, bí a bá bi wọ́n léèrè ẹni tó dá asẹ́-omi sílẹ̀, kálukú yóò na ìka sí ẹlòmíràn.

Kò sí igbá-èémí kan ní Àpáta-Funfun báyìí tí ń retí asẹ́ láti Ayé. Àwọn ìlú mìíràn lórí òṣùpá ti wá kọ́ ọ, Màmá Tanímọlà kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àwọn oníṣòwò náà ṣì ń jókòó. Fadérera ló ń gé aṣọ, tó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ibùsùn dé ibùsùn.

Ibùsùn tí Adélabí sùn sí ti ní ẹlòmíràn. Obìnrin awakùsà kan ni, Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀. Omi ń yí nínú igbá rẹ̀. Ó sùn, ó sì ń mí.