Ìwàásù Gabiriyẹli fún Àwọn Amòòkùn

Ní ayé ìgbà tí òyìnbó Àgùdà ṣì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ péálì létíkun Tutukudi, nílẹ̀ àwọn Támílì, Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Àwẹ̀ Ogójì ló ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò ṣí lọ wa ìkarahun péálì. Gbogbo abúlé rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn amòòkùn ró aṣọ funfun, yẹtí wúrà sì ti fa etí wọn gùn títí kan èjìká. Fadá ka Ìhìnrere lédè Látìn, kò yé ẹnì kankan. Gabiriyẹli Mota, kátíkíìsì, ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Támílì, òun náà ló sì máa ń ṣàlàyé. Ẹnu ọkùnrin yìí dùn. Ó kúkú mọ̀ pé ẹnu òun dùn, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìhìnrere ọjọ́ náà ni bí Sátánì ṣe gbé Jésù lọ sórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, tó ní kó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Gabiriyẹli túmọ̀ rẹ̀ tán, ó kọjú sí àwọn amòòkùn.

"Ẹ̀yin náà, ta lẹ ń sìn gan-an? Ẹ gba ara Olúwa láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ẹ ti ń wá Kandan kiri! Baba abọ̀rìṣà tó ń jókòó sétí òkun, tó ń pọfọ̀, tó lóun ń di ẹja ekurá lẹ́nu! Áńgẹ́lì ńkọ́? Àbí áńgẹ́lì ò mọ̀wẹ̀ ni?"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gun Gabiriyẹli lórí.

"Ẹni tó bá gbàgbọ́, kó bẹ́ sómi lọ́la láìsí Kandan. Mo fi orí mi dúró, ekurá ò ní fẹyín kàn án."

Ẹni tó dìde ni Santiyago Korera, ọkọ Isabẹli, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Gabiriyẹli bí. Ó ní, "Bàbá, èmi á bẹ́."

Wọn ò tíì jáde tán tí Isabẹli fi di aṣọ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó má lọ. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yín ṣáá ló ń gbọ́."

"Kí n wá sọ fáráàlú pé irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ kúkú sọ ọ́! Irọ́ ò sàn jòkú lọ ni?"

"Ìgbàgbọ́ ẹ kéré, ìwọ ọmọ yìí," Gabiriyẹli fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀, amòòkùn lòun náà nígbà èwe, kò sì sọjọ́ kan tó wọ òkun tí bàbá tó bí Kandan ò jókòó sí èbúté. Ó rántí. Ojú àwọn èèyàn ló ń wò, kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Santiyago nìkan ni ò dúró de Kandan. Rayani, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a di okùn mú, ló wá ròyìn fún Gabiriyẹli ní èbúté. Ó ní nígbà tí wọ́n débi tí ìkarahun wà, àwọn amòòkùn yòókù nínú ọkọ̀ náà kọ̀, wọn ò bẹ́. Wọ́n ní káwọn padà sílé.

"Santiyago ní kí la fẹ́ kóun wí fún bàbá ìyàwó òun? Ó sàmì àgbélébùú, ó fẹsẹ̀ lé òkúta tó ń fa amòòkùn lọ sísàlẹ̀, ó wọmi. Nígbà tí mo fa okùn, alàgbà, apẹ̀rẹ̀ wá. Ìkarahun kún un. Òun ò wá. Omi wá ń pọ́n."

Kandan wà níbẹ̀. Kò fi Gabiriyẹli ṣẹlẹ́yà. Ó ṣáà tú láwàní orí rẹ̀, ó ń sunkún.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ní èbúté yẹn ni Ìhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé kátíkíìsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ nínú rẹ̀ pé, "Bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé ọ." Ẹni náà kì í ṣe Jésù.

Iṣẹ́ péálì ò kúkú dúró. Ọ̀gá àwọn Àgùdà fúnra rẹ̀ ló ní kí Kandan má kúrò ní èbúté, kí ìṣákọ́lẹ̀ má baà dín. Fadá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí Àwẹ̀ ń lọ sópin, ó kan Ìhìnrere Lásárù. Gabiriyẹli túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ títí dé ibi tí Jésù ti ní, "Lásárù, jáde wá." Ó wá ku àlàyé. Isabẹli dìde nínú aṣọ opó, etí rẹ̀ ṣófo láìsí yẹtí.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ mọ àlàyé, ẹ bá mi ṣe é. Lásárù nibojì, ẹnu ibojì ni wọ́n dúró sí pè é. Èmi ńkọ́, níbo ni kí n dúró sí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fadá tí ọ̀rọ̀ náà ò yé ń fọwọ́ ṣe é fún Gabiriyẹli pé kó máa bá a lọ. Kátíkíìsì sọ̀ kalẹ̀, ó jáde lọ sílé. Látọjọ́ náà, Látìn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó Họ́láńdì dé, wọ́n lé àwọn Àgùdà, wọ́n lé Fadá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Nígbà tí Àwẹ̀ dé, àwọn àgbààgbà tọ Gabiriyẹli wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní òun nìkan ló kù tó mọ Ìhìnrere sórí, kó ṣàánú, kó wá máa sọ ọ́ fáwọn ní ìkọ̀kọ̀, káwọn ọmọ àwọn má baà gbàgbé Ọlọ́run. Ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n bá yíjú sí Isabẹli, wọ́n ní kó bá àwọn bẹ bàbá rẹ̀.

Isabẹli ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀," ó ní. "Èyí tí wọ́n sọ ti tó."