Aṣọ Tí Kò Dé Orí Okùn

Ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Káfíńtà kú sí. Kò ṣàìsàn, kò ké, kò tilẹ̀ ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó gbé oúnjẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rò pé ó ń tòògbé ni, àfi ìgbà tó rí i pé èérún pákó bà lé e lójú tí kò sì ṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni káàdì ọsibítù ìyàwó náà sọ pé yóò bímọ. Wọ́n sin bàbá tán, ọmọ kò dé. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́fà, ikùn ṣì wà níwájú.

Kí ni àwọn ará àdúgbò tún ń wá? Wọ́n ní ẹni tó pa bàbá náà ló di ọmọ mọ́ inú. Ojú gbogbo wọn lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àbúrò bàbá tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń gbé. Kò bímọ rí, kì í pariwo, ẹyẹ dúdú kan sì máa ń bà sórí páànù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Èérún búrẹ́dì tí obìnrin náà ń dà síbẹ̀ lẹyẹ ń wá jẹ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ìyá ọkọ fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn yàrá náà láti ìta, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti háyà ọkọ̀ tó máa gbé Àǹtí Jẹ́jẹ́ lọ ní agogo mẹ́rin, sí ìlú tí kò mọ ẹnì kan, òun tí wọ́n bí sínú ilé yìí. Wọ́n ti fèrèsé pálọ̀ mọ́ aboyún náà, wọ́n ní kó má jáde. Òógùn bò ó. Òun nìkan ló mọ ohun tó fà á tí ọmọ kò fi dé, kò sì lè sọ ọ́.

Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá oyún. Ìyá ọkọ kì í bi í léèrè. Okùn aṣọ ló máa ń wò. Bó bá ti rí aṣọ nǹkan oṣù níbẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá ìyàwó lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún ló wá sọ ọ́ pé bí òun bá tún rí aṣọ yẹn, kí ìyàwó di ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti ta okùn sínú yàrá tirẹ̀, ó ní kó máa sá a síbẹ̀. Oṣù kejì, ibẹ̀ ló sá a sí. Oṣù kẹta náà, ibẹ̀ ni. Ìyá ọkọ kò rí aṣọ lórí okùn mọ́, ó gbà pé oyún ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni oyún tòótọ́ dúró.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bèèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ti máa ń ka ogójì ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí tọkọtaya pàdé. Ìyàwó kò tíì lanu tí ìyá ọkọ fi dáhùn pé ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ni, ojú òun ló ṣe. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ikùn kéré sí ohun tí káàdì wí, ṣé ọjọ́ náà dá wọn lójú? Ìyá ọkọ pòṣé. Ìyàwó wo ilẹ̀.

Lọ́sàn-án tí ọkọ̀ ń bọ̀ yìí, ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù nígbà tí ìyàwó ní òun fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́. Ẹnu ọ̀nà Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló gbà lọ.

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo ṣèlérí fún ọ pé mi ò ní sọ. Bí mo bá tiẹ̀ sọ ọ́, ta ló máa gbà á lẹ́nu àjẹ́?"

"Wọ́n á lé mi lọ."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi. Àwọn aṣọ rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi."

Aṣọ funfun méjì yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ká wọn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ fun fèrè níwájú ilé.

Nígbà tí ìyá ọkọ dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti dírẹ́bà, ìyàwó ti ń sá àwọn aṣọ náà sórí okùn.

"Ti oṣù kejì nìyí," ó ní. "Ti oṣù kẹta nìyí, ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màmá, tí mo fi fi wọ́n pamọ́. Kò sẹ́ni tó di ọmọ mi mọ́ inú."

Ọkọ rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù níbi tó dúró sí. Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì pé lónìí, ó ku méjì. Ọmọ náà kò pẹ́ rárá. Ọkọ rẹ̀ wo àwọn aṣọ náà títí, ó sì ní kí dírẹ́bà máa lọ.

Ó pẹ́ kí ìyá ọkọ tó tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò yà fún Àǹtí Jẹ́jẹ́ kó jáde.

"Ti ọmọ, mo ti gbọ́," ó ní. "Kí ló wá pa ọkọ mi?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò dìde lórí ibùsùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kú," ó ní. "Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sẹ́nì kan nínú ilé yìí tó kí mi kú ará fẹ́ra kù. Èmi náà ń bèèrè."

Ìyá ọkọ mú àgádágodo náà dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.