Orrin Stroud Nínú Awọ Ẹfọ̀n

Orrin Stroud kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì ka ènìyàn sí. Ọdẹ ẹfọ̀n ni ní pápá Kánsáàsì, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó lè pa ogójì kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ó fi ẹran wọn sílẹ̀ fún ìkookò. Delphia, aya rẹ̀, ni í bó awọ wọn, tí í fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ kó lè gbẹ. Èébú àti ìgbájú ni Orrin fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Delphia tún bá a sọ̀rọ̀ Jésù. Orrin já Bíbélì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú iná.

Ó ní, “Obìnrin yìí, awọ ẹfọ̀n ló ń bọ́ mi, òun ló ń bò mí. Kí ni mo fẹ́ fi Jésù rẹ ṣe?” Ó gbá a létí, ó gbé ìbọn, ó gun ẹṣin, ó bá tirẹ̀ lọ. Òmùgọ̀ ènìyàn!

Kò pẹ́ tí ìjì òjò dídì fi ká a mọ́ pápá. Ó wá ṣe àṣìṣe tó ti pa ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀: ó bó ẹfọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó fi awọ tútù náà wé ara rẹ̀, ó sùn. Nígbà tó jí, òtútù ti mú awọ náà gan paali bí igi. Ó tì í títí, kò mì. Ọ̀bẹ rẹ̀ sì wà níta. Ó ṣépè, ó kígbe, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Delphia wá ọkọ rẹ̀ lọ sí pápá, ó rí ẹṣin rẹ̀, ó sì tọ ohùn Orrin lọ. Ó mú ọ̀bẹ dání, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Kò tètè gé nǹkan kan.

“Ọ̀gbẹ́ni Stroud, inú ń bí mi sí yín. Ká ní tèmi nìkan ni, ibí yìí ni màá fi yín sí. Jésù tí ẹ sọ ìwé rẹ̀ sínú iná ni ò jẹ́ kí n lọ.”

Láti ọjọ́ tí Orrin ti fẹ́ ẹ, kò fi orúkọ rẹ̀ pè é rí, àfi ìgbà yìí. “Delphia, bá mi bẹ Jésù. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí.”

“Ẹ fi ẹnu ara yín bẹ̀ ẹ́.”

Ó bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún, Delphia sì ń gé awọ. Òtútù gba ìka mẹ́rin lọ́wọ́ Orrin, ṣùgbọ́n Jésù gba ọkàn rẹ̀ là. Ọwọ́ náà kò na Delphia mọ́ láéláé.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Má fi Orrin rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ti fi ọtí wé ara, o ti fi àlè àti ìgbéraga bora, ó sì ń mú ọ móoru. Awọ náà ṣì rọ̀ lónìí. Bó bá gan tán, ta ni yóò gbọ́ ohùn rẹ? Bọ́ ọ sọnù nísinsìnyí, kí o sì fi ẹnu ara rẹ ké pe Jésù.