Omi Ilé Ọ̀ṣuntóyìn

"Ẹ má di ẹrù bí ẹni tó ń kó kúrò nílé o!" Firmin pariwo bẹ́ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ti àpò Edwige. "Inú igbó là ń lọ, a kò lọ sin ìyàwó."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló yẹ kó o fi sílẹ̀ nílé," Edwige dá a lóhùn. "Ẹnu ẹ nìkan ti tó láti gbé ẹ lọ, kó tún gbé ẹ bọ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kàmíọ́nù tó gbé wọn wá láti Sakété ni, ojú ọjọ́ Pobè sì ṣì tutù. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n: Firmin aláwàdà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Marcelline, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé, Edwige, àti Lambert, ẹni tó kó wọn jọ.

Lambert kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín Edwige ló ń wò. Bí ọmọbìnrin yìí bá rẹ́rìn-ín, kòtò kékeré kan a yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Inú kòtò náà ni ọkàn Lambert já sí láti ìgbà òjò tó kọjá, kò sì tíì rí àkàbà gùn jáde.

Nítorí Edwige náà ló ṣe dá ìrìn yìí sílẹ̀. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dàhòmì nígbà náà ni, gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń sọ pé àwọn fẹ́ mọ ilẹ̀ baba àwọn. Lọ́jọ́ kan Edwige ní, "Gbogbo òkè ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́ wa, a mọ̀ wọ́n lórí bí orin. Ta ló ti rí igbó tó wà lẹ́yìn Issaba nínú wa?" Kó tó pa ẹnu dé, Lambert ti fò dìde. "Èmi mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Tí a bá gba ìsinmi fákáǹsì Àjíǹde, kí kálukú gbé oúnjẹ àti aṣọ ìbora kọ́ ẹ̀yìn, ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ilé kàtékísì, olùkọ́ ìjọ, ni a ó sùn ní Issaba." Bàbá Edwige kọ́kọ́ yarí. Ìgbà tó gbọ́ pé Marcelline yóò bá wọn lọ ló tó gbà.

Ohun tí Lambert kò sọ ni bí òun ṣe mọ ibẹ̀. Ọmọ Ohori, àwọn tó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn Issaba náà, ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ a máa mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, Ọ̀ṣuntóyìn, ní abúlé kan tó kọjá Issaba. Ọ̀ṣuntóyìn ló máa ń pọ̀n ọ́n kiri oko, òun ló sọ ọ́ ní Àyìnlá. Àmọ́ ìyá àgbà yìí ń fa ìkòkò tábà, ọnà ara sì kún èjìká àti àyà rẹ̀ fọ́fọ́. Ní Sakété, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ bú ara wọn, wọn a ní, "Wò ó, ará Ohori!" Nítorí náà, ọjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi Lambert pé níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá, ó ní Àjàṣẹ́ ni. Irọ́ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dé ilé Ọ̀ṣuntóyìn mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ, yóò ní òun ní ìwé láti kà.

Wọ́n rìn dé Issaba, wọ́n sùn níbẹ̀, nígbà tó di òwúrọ̀ wọ́n kọjá lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n pàdé àwọn obìnrin mélòó kan tó ru igi ìdáná, tí èéfín tábà ń yọ lẹ́nu wọn. Firmin dúró kí wọn tẹ̀ríbatẹ̀ríba. Bí wọ́n ṣe kọjá tán, ó fi igi kékeré kan sẹ́nu, ó ń fà á, ó sì ń mi ìdí.

"Ẹ wò mí, ẹ wá fẹ́ mi! Èmi ni arẹwà Ohori!"

"Firmin, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," Marcelline bá a wí. "Ìyá ẹni kan nìwọ̀nyẹn."

Lambert ló rẹ́rìn-ín jù lọ. Ó rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n dé oríta. Ọ̀nà ọ̀tún ní igi ńláńlá, òjìji sì wà níbẹ̀. Ti òsì gba àárín pápá gbalasa, ilẹ̀ dúdú, ilẹ̀ amọ̀ tó máa ń gbé ẹsẹ̀ mì nígbà òjò, tó sì máa ń la ẹnu kẹ́kẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ti ọ̀tún tutù," Marcelline wí.

"Ọ̀nà oko lásán ni yẹn, ẹ̀gbọ́n," Lambert parọ́. "Ti òsì ló já sí igbó."

Ó mọ̀ dájúdájú pé iwájú ilé Ọ̀ṣuntóyìn ni ọ̀nà ọ̀tún ń gbà kọjá. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni omi wà. Ó wo àwọn bídọ́ọ̀nù omi tó wà lẹ́yìn wọn, ó sọ lọ́kàn pé omi náà yóò tó.

Omi náà kò tó. Oòrùn ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnì kankan. Firmin ti da omi sórí, ó ti fi ṣan ẹsẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rántí láti ṣọ́ ọ. Igbó tí Lambert ní ó wà nítòsí kò yọjú. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni ó gba pápá náà kẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló sì wà. Lójijì, ó ṣàkíyèsí pé Edwige kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ gbẹ, kò làágùn mọ́, ètè rẹ̀ ti ń bó.

"Edwige, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ilẹ̀ ń yí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Marcelline figbe ta. Ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ọmọbìnrin náà. Kò sí omi, kò sí òjìji. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i. "Èéfín ni yẹn! Ilé wà níbẹ̀. Ẹ gbé e!"

Lambert wo èéfín náà. Ó ti mọ igi ọ̀pẹ méjì tó fara tira níbẹ̀. Ẹ̀yìn abúlé Ọ̀ṣuntóyìn ni. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n wá ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n orí Edwige ti rọ̀ sí èjìká rẹ̀. Òun àti Firmin gbé e.

Bàbá arúgbó kan, Fálúyì, jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Níwájú rẹ̀ ni àwọn àmù ńlá tò sí, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wọ́n sì fi okùn di ọmọrí wọn. Marcelline kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi. Ọmọ yìí fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Bàbá kò bèèrè ohunkóhun. Ó gbé igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tọ́ Edwige lẹ́nu títí igbá fi gbẹ.

"Èyí tó kù fún mi lónìí nìyẹn," ó wí. "Omi òjò ọdún tó kọjá là ń mu níbí, ẹ̀yin ọmọ. Àmù kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀, a sì ti búra lé e lórí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tó mọ àlejò ló ń ṣí àmù fún un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èrò ọ̀nà á mu ún tán, àwọn ọmọ wa á máa lá ẹrẹ̀. Ọmọ ta ni yín? Ta ló mọ̀ yín ní ilẹ̀ yìí?"

Marcelline yíjú. "Lambert, ìwọ lo ní o mọ ibí. Dá Bàbá lóhùn."

Lambert wo ilẹ̀. "Ará Sakété ni wá, Bàbá. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wá."

"Sakété kò ní àmù níbí, ọmọ mi."

Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin arúgbó kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, igi ìdáná lórí, ìkòkò tábà lẹ́nu. Ó wo àwọn àlejò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Lambert, ìdì igi náà já bọ́ lórí rẹ̀, gbìì!

"Àyìnlá! Àyìnlá mi! O ti wá di ọkùnrin báyìí?"

Ó na apá méjèèjì. Gbogbo ojú yí sí Lambert. Ojú Firmin là kalẹ̀ bí ojú òwìwí. Ojú Edwige náà là díẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, àbí Lambert ló rò bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, bí ohùn ẹlòmíràn:

"Ẹ ṣì mí mú, ìyá. N kò mọ̀ yín rí."

Apá Ọ̀ṣuntóyìn dúró sókè fúngbà díẹ̀, ó sì wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo aṣọ Lambert, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin arẹwà tó dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ìkòkò tábà kúrò lẹ́nu, ó fi pamọ́ sẹ́yìn. Ó fa aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi bo ọnà ara tó wà ní èjìká rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó wí jẹ́ẹ́. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Bí ilẹ̀ amọ̀ yẹn bá la ẹnu lákòókò náà, Lambert ìbá wọlé sínú rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á dé.

"Ọ̀ṣuntóyìn," Fálúyì bi í, "ṣé o mọ̀ ọ́n, àbí o kò mọ̀ ọ́n?"

"Ó ní òun kò mọ̀ mí. Àmọ́ ẹ ṣí àmù mi fún ọmọ obìnrin yìí, Bàbá. Ẹ wo ètè rẹ̀."

"A ti búra, Ọ̀ṣuntóyìn. Èmi kọ́ ni yóò bà á jẹ́, ìwọ náà kọ́. N óò rán ọmọ kan kó sáré lọ bu omi wá ní Issaba. Kò ní pẹ́ jù."

Edwige kérora. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kan nínú erùpẹ̀. Lambert mọ bí Issaba ti jìnnà tó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn ín ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú arúgbó obìnrin náà.

"Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Ìyá tó bí ìyá mi nìyí. Ilé yìí ló mọ̀ mí."

"Sọ ọ́ sókè. Gbogbo ilé ló yẹ kó gbọ́," Fálúyì wí.

Àwọn obìnrin ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń yọjú lábẹ́ apá wọn. Lambert pariwo rẹ̀ tẹkúntẹkún: "Ọmọ Ohori ni mí! Ọ̀ṣuntóyìn ló pọ̀n mí! Mo sẹ́ ẹ nítorí ìtìjú!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣuntóyìn ti kọjá lára rẹ̀, ó ti ń tú okùn àmù.

Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ aṣọ sínú omi, tó fi nu Edwige láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀, tó ń pè é ní ọmọ mi, ọkọ mi. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Edwige ti jókòó. Marcelline rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣì ń gbọ̀n, ó lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀ṣuntóyìn. "Ẹ ṣeun, Màmá. Omi yín ni mo fi wà láàyè." Firmin kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n sùn ní abúlé náà. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń di ẹrù padà, Lambert lọ bá Edwige lábẹ́ igi.

"Mo rò pé tó o bá mọ̀, o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó wí.

"Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ̀wé, ẹyìn ló ń pa ní Yoko," Edwige dáhùn. "Ta ló bi ẹ́ pé ta ni ìyá àgbà ẹ? Lambert, mo fẹ́ràn ẹ. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí n kò ní sọ ọ́ mọ́. O sẹ́ ẹni tó pọ̀n ẹ́ nítorí kí n lè máa rẹ́rìn-ín sí ẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rín ẹlòmíràn bá dùn mọ́ ẹ ju tèmi lọ, èmi ni wàá sẹ́."

Kò bínú, kò sì sunkún. Ìyẹn ló dun Lambert jù. Ó wò ó bó ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀tún lọ lábẹ́ igi tútù pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì wẹ̀yìn.

Òun kò bá wọn lọ. Àmù Ọ̀ṣuntóyìn ti dín dé ìdajì, òjò kò sì tíì fẹ́ rọ̀. Títí fákáǹsì fi parí, Lambert ló ń ti Issaba ru omi wá, lójoojúmọ́, lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó wá kí àwọn ẹbí wọn ní Issaba rí i lójú ọ̀nà. "Ta lò ń ru omi fún?" wọ́n bi í.

"Ìyá mi àgbà ni," ó dáhùn. "Ará Ohori."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó náà, ó ní kó dárí ji òun.

"Mo ti dárí jì ẹ́ kí n tó fa aṣọ bo èjìká," Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Àmọ́ ó dùn mí, Àyìnlá. N kò ní parọ́ fún ẹ pé kò dùn mí."

Gbólóhùn yìí ni Lambert gbé dàgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ìdáríjì lè wá kíákíá, ẹni tí a dárí jì kò sì ní gbàgbé ojú tí a fi wò ó lọ́jọ́ náà. Bí ìfẹ́ kan bá ní kí o sẹ́ ilé rẹ kí ó tó gbà ọ́, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: bóyá ìfẹ́ náà kò béèrè bẹ́ẹ̀ rárá, ìtìjú tìrẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì tijú ẹni tó pọ̀n ọ́n, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò tijú ara rẹ̀.